Sítáòtù Pupa: Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Ẹnu Mọ̀ Nínú Ìtàn Ọtí ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, ẹni tí ó bá gbé ọtí ka iwájú àlejò ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Yóò bu díẹ̀ sínú ife tàbí igbá, yóò mu ún lójú gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé e fún àlejò. Ìdí tí àwọn àgbà ń fà yọ fún àṣà yìí ni pé kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyíinì ni pé ojú nìkan kò tó láti jẹ́rìí sí ọtí. Ẹmu tí ó funfun nini lè ti kan. Èyí tí ó mọ́ gaara bí omi odò lè jẹ́ ògógóró tí yóò gbé ọkùnrin mẹ́ta ṣubú. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú agbè, ẹnu ni a ń bi léèrè.

Ó yẹ kí á rántí ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn apọntí kéékèèké ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà ń ta sítáòtù tí kò dúdú. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé a ń sọ̀rọ̀ nípa èédú funfun. Guinness ni sítáòtù tí wọ́n mọ̀, èyí tí àwọn ọ̀mu ń pe ìgò ńlá rẹ̀ ní Odeku. Legend náà sì wà, dúdú sì ni àwọn méjèèjì. Báwo ni a ó ti ṣe pe ohun tí ó pupa ní sítáòtù? Pupa tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀ tàbí ti osùn. Pupa tí Yorùbá fi ń pe ènìyàn tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ ni, pupa oyin.

Ìbéèrè náà lè dà bí àríyànjiyàn àwọn tí ọtí ti ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ibi tí orúkọ ọtí ti ń wá àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti fi orúkọ náà fún un. Kò sì ní í lè ṣe èyí tán láìdé orí ọ̀rọ̀ ọkà tí àwọn ìyá wa fi ń pọntí kí bíà tó dé. Ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ẹ̀rí láti jẹ́ lórí gbogbo rẹ̀.

ÌTỌ́WÒ NÁÀ

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ sítáòtù pupa wò bí ó ti yẹ yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: ní ìgbà kìn-ín-ní kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ní ìgbà kejì kí a fi aṣọ dì í lójú. Nígbà tí ojú là sílẹ̀, ohun tí ó wà nínú ife kò yàtọ̀ sí bíà tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pọ́n bí oyin; ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá; ìfófó orí rẹ̀ funfun, kò ní àwọ̀ ilẹ̀ bí ti sítáòtù dúdú. Ojú ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ kí ife tó kan ètè. Ṣùgbọ́n bí ife bá ti dé abẹ́ imú, ọ̀ràn yí padà. Òórùn kofí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ni ó ń jáde, àti ti kòkó tí a sá gbẹ tí a sì fi iná yan. Nígbà tí ó bá dé orí ahọ́n, kò ṣàn lọ kíá bí bíà. Ó ki, ó sì fi ara mọ́ ẹnu bí ẹ̀kọ mímu tí a pò dáadáa. Adùn díẹ̀ a kọ́kọ́ yọ, ìkorò a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ooru ọtí a sọ̀kalẹ̀ sí àyà. Ohun kan ṣoṣo ni kì í sábà sí nínú rẹ̀, èyíinì ni ìkorò ohun tí iná jó, tí ó máa ń kù sí ọ̀fun ẹni tí ó bá mu sítáòtù dúdú. Ẹni tí a di lójú yóò ní sítáòtù ni òun mu. Bí a bá sì tú aṣọ náà kúrò, yóò wo ife, yóò sì rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́.

Kò sí idán nínú ọ̀ràn náà. Ọkà tí a yan títí ó fi dúdú bí èédú ni ó ń fún sítáòtù ní àwọ̀ àti ìkorò tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ń pọn sítáòtù pupa kì í fi irú ọkà bẹ́ẹ̀ sí i. Dípò rẹ̀, yóò rẹ hóró kofí tí a ti yan, ṣùgbọ́n tí a kò lọ̀, sínú ọtí tútù fún ìwọ̀nba àkókò, yóò sì yọ ọ́ kúrò kí ó tó pa ọtí láró. Yóò ṣe bákan náà fún kòkó tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí ọtí lè ki, yóò fi ọkà tí a fi ń ṣe Quaker tí à ń fún aláìsàn mu kún un. Àwọn mìíràn a sì fi ṣúgà inú wàrà sí i, èyí tí ìwúkàrà ọtí kò lè jẹ, tí adùn rẹ̀ fi ń kù nínú ife. Ní ọdún 2014, ilé-ìpọntí Stone Brewing ní California gbé irú ọtí yìí kan jáde tí ó pè ní Master of Disguise, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọ̀gá nínú ìparadà.

Ṣùgbọ́n ìparadà nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí ó wà. Ní agbègbè Durham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìpọntí kan tí ó ń jẹ́ orúkọ agbègbè náà ti ṣe èyí tí ó pè ní White Stout láìfi kofí tàbí kòkó sí i. Ọtí líle tí ó pupa ni, kò sì gbìyànjú láti fi ìtọ́wò jọ sítáòtù dúdú. Oríṣi méjì ni sítáòtù pupa pín sí nígbà náà: ọ̀kan dúdú ní ẹnu ṣùgbọ́n ó pupa lójú, èkejì pupa lójú ó sì pupa lẹ́nu. Ẹni tí ó bá tọ́ èkejì wò yóò béèrè ìdí tí a fi pè é ní sítáòtù rárá, ìtàn nìkan ni ó sì lè dá a lóhùn.

ORÚKỌ NÁÀ

Nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà, sítáòtù, pe ọtí, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú àwọ̀. Alágbára ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí ó le tí kò sì ṣeé tì ṣubú. Àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ nínú èyí tí wọ́n ti fi pe bíà jẹ́ ti ọdún 1677. Bíà líle ni wọ́n sì fi ń pè níbẹ̀. Nínú ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, ọtí aláwọ̀ ilẹ̀ kan gbòde ní London, pọ́tà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àwọn aláàárù ìlú náà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Èyí tí ó bá le nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sítáòtù pọ́tà. Ní ọ̀rúndún kan náà ni àwọn apọntí London ń ta sítáòtù pupa, èyíinì ni ọtí líle tí a fi hóró tí iná kò pa lára ṣe. Kò sí ẹni tí ó rí ìjà nínú kí a pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, nítorí pé agbára wọn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí.

Báwo wá ni dúdú ṣe gba orúkọ náà mọ́ pupa lọ́wọ́? Owó ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn apọntí bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn adùn tí ó wà nínú omi ọkà. Ẹ̀rọ náà fi yé wọn pé hóró tí iná kò pa lára ń mú adùn jáde ju èyí tí iná ti sun lọ. Nítorí náà wọ́n yí padà sí hóró pupa, èrè wọn sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n pọ́tà wọn ń pọ́n, àwọn oníbàárà kò sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà jíjó pa á láró, títí òfin ọdún 1816 fi kà á léèwọ̀. Ní ọdún 1817 ni Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí ó rí bí àgbá, tí a fi ń yan ọkà títí yóò fi dúdú láìdi eérú. Díẹ̀ péré nínú ọkà dúdú yìí tó láti yí àwọ̀ odidi ìkòkò ọtí padà.

Ohun tí ó tọ́ sí àkíyèsí nìyí. Láti ọdún náà lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú hóró tí a fi ń pọn sítáòtù dúdú jẹ́ hóró pupa. Aró díẹ̀ ni a fi kún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláró ti í ti aṣọ funfun bọ ìkòkò tí wọ́n sì fà á yọ ní dúdú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, sítáòtù pupa parẹ́ lọ́jà, àwọn ènìyàn sì gbàgbé pé ó ti wà rí. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Sítáòtù pupa ti wà lórí àtẹ kí Wheeler tó yan hóró dúdú àkọ́kọ́, àwọn tí ń tà á lónìí sì ń polówó rẹ̀ bí ohun titun tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí.

BÍ SÍTÁÒTÙ ṢE WỌ ILẸ̀ ÌJẸ̀BÚ

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1759 ni Arthur Guinness gba ilé-ìpọntí kan ní Dublin, ní ilẹ̀ Áyálándì. Nígbà tí ó di ọdún 1799, ilé-iṣẹ́ náà fi gbogbo ọtí yòókù sílẹ̀, pọ́tà nìkan ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1801 ni ó ṣe èyí tí ó le jù fún ọjà àwọn erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíìsì, kí ó má bàa bàjẹ́ lórí òkun. Nínú ọtí yìí ni sítáòtù tí a ń mu ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1827, Guinness ti dé Sàró. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bá ọkọ̀ ojú omi kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní àkókò náà, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Àwọn Ìjẹ̀bú ni onílé ẹnu ọ̀nà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Ní ọjà Èjìnrìn, ní etí ọ̀sà, ni ẹrù Èkó ti ń bọ́ sí ọwọ́ wọn; àwọn ni wọ́n sì ń gbé e lọ sókè. Oníṣòwò mìíràn kò lè kọjá bí ó ti wù ú, ẹrù tí ó bá sì kọjá gbọ́dọ̀ san owó oníbodè. Nínú ọtí tí ó ń gba Èkó wọlé, jìn àti ọtí líle ti àwọn ará Jámánì àti Hólándì ni ó pọ̀ jù, owó orí wọn sì jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba Èkó fi ń ṣe iṣẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ Túnwàṣe bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn pé ọ̀nà yóò ṣí, pé owó oníbodè yóò dópin, àti pé ìjọba yóò máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú kọ̀ fún oníwàásù kan láti gba ilẹ̀ wọn kọjá, Gómìnà Carter rán àwọn ọmọ ogun sí wọn lábẹ́ Ọ̀gágun Scott. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ogun le ní Ìmágbọ̀n. Àwọn Ìjẹ̀bú jà bí akọni, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim kò mọ akọni yàtọ̀ sí ojo. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun púpọ̀ gba ọ̀nà tí a ṣí náà wọlé. Bíbélì wọlé, Kùránì tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì tún tàn kálẹ̀ sí i. Ní ọdún 1902 ni Balógun Kúkù, olókìkí ènìyàn, di Mùsùlùmí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ ọtí pátápátá, ìtàn tí à ń sọ yìí kì í sì í ṣe ti ilé wọn. Ní àwọn ilé yòókù, ọtí inú ìgò wọlé ó jókòó. Àwọn ará ẹsẹ̀ omi sì ti mọ bí a ti í sọ ẹmu ògùrọ̀ di ògógóró. Ìjọba òyìnbó kà á sí ọtí tí kò bófin mu. Ọlọ́pàá ń lé àwọn tí ń ṣe é kiri inú igbó, wọ́n ń fọ́ ìkòkò wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Ó mọ́ bí jìn ti Hólándì ti mọ́, ó sì le bí ó ti le. Èyí tí ó gba ọwọ́ aṣọ́bodè kọjá ní Èkó ń jẹ́ ọjà. Èyí tí ó ti inú igbó ògùrọ̀ wá ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ń gba owó orí ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà. Ní ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó láti ọwọ́ Nigerian Breweries, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946. Ní ọdún 1950 ni a forúkọ Guinness sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1962 ni ó sì ṣí ilé-ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ tí ó ní lẹ́yìn Áyálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni a kọ́ ilé-ìpọntí mìíràn sí Ìmágbọ̀n, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Consolidated Breweries ti ń pọn bíà “33”. Nígbà tí ọdún 2014 ń parí lọ ni ilé-iṣẹ́ náà darapọ̀ mọ́ Nigerian Breweries. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí a fi ń rántí ogun ọdún 1892 ṣe wá di orúkọ ibi tí a ti ń pọntí.

ỌKÀ BÀBÀ

Ṣùgbọ́n kí ìgò àkọ́kọ́ tó dé, àwọn obìnrin Yorùbá ti ń fi ọkà pọntí. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ọtí bàbà. Wọn a rẹ ọkà sómi, wọn a fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi hù, wọn a sá a gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì sè é. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó máa hó. Ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe sí ọkà báálì, irú èyí tí Rúùtù pèéṣẹ́ rẹ̀ ní oko Bóásì, kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Orúkọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tilẹ̀ bá àwọn ẹrú la òkun já dé Kúbà, níbi tí àwọn olórìṣà ṣì ń pe ọtí wọn kan ní chequeté títí di òní.

Síbẹ̀, bí bíà ti ń gbilẹ̀, ọtí àwọn ìyá wa di ọtí tálákà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti là kì í gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ka iwájú àlejò. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ohun tí a rọ sínú igbá kò lè bá ohun tí a fi ìdérí irin dé du ipò.

Àṣẹ ìjọba ni ó yí ọ̀rọ̀ náà po. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ nínú àwọn ọdún 1980, tí owó òkèèrè sì wọ́n, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé bí ọdún 1988 bá ti wọlé, a kò gbọdọ̀ kó hóró báálì híhù wọ Nàìjíríà mọ́. Ìpayà bá àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní bíà kò lè jẹ́ bíà láìsí báálì, áńbọ̀ńtórí sítáòtù. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn lóòótọ́: ìyẹ̀fun inú ọkà bàbà ń fẹ́ iná tí ó gbóná ju ti báálì lọ kí ó tó dẹ̀, agbára tí ó fi ń sọ ara rẹ̀ di adùn kò sì tó ti báálì. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì àti ní àwọn yunifásítì wa ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn apọntí pẹ̀lú kọ́ bí a ti í ran ọkà bàbà lọ́wọ́. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ilẹ̀ Sókótó gan-an sì wà lára ibi tí ọkà bàbà ti ń jáde. Ní ọdún 1992, nígbà tí òfin náà ṣì múlẹ̀, ni Nigerian Breweries gbé sítáòtù tirẹ̀ tí í ṣe Legend jáde. A tú òfin náà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò mọ́. Ọkà tí a fi ń ṣe ọtí tálákà ti wọ inú ìgò olówó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń mu ún kò sì mọ̀.

ÀṢÍRÍ INÚ ÌKÒKÒ

Ó ku ẹ̀rí kan, òun ni ó sì lágbára jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí a fi ń ṣe Guinness ní Nàìjíríà ni pé a ó kọ́kọ́ pọn bíà líle kan láti inú ọkà bàbà àti àgbàdo. Bíà náà pupa. Lẹ́yìn náà ni a ó wá da ohun dúdú kan sí i, tí a sè ní Dublin títí ó fi ki, tí a sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ nínú odidi àgbá ni ó ń sọ bíà pupa náà di dúdú, tí ó sì ń fún un ní ìtọ́wò tí a mọ̀ mọ́ orúkọ náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.

Bí ẹnì kan bá wà nídìí àgbá náà kí a tó da ohun dúdú ọ̀hún sí i, tí ó sì bu díẹ̀ tọ́ wò, kí ni ó tọ́ wò? Ọtí líle ni, nítorí pé nǹkan bí ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára èyí tí ó ń wọ ìgò, nígbà tí bíà lásán kò ju bí ìdá márùn-ún lọ. Ó pupa, iná kò sì jó o. Bí a bá fi ìtumọ̀ ọdún 1677 wọ̀n ọ́n, sítáòtù ni, sítáòtù pupa. A ti ń pọn ọ́n nílẹ̀ wa láti inú ọkà tiwa, nígbà tí àwọn ará Durham àti California kò tíì ronú láti jí i dìde. Ohun tí a ń gbà láti òkèèrè ni aró rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀.

Àwọn tí ń ta Guinness ní Áfíríkà pàápàá mọ̀ pé àwọ̀ kọ́ ni ó ń tà á. Agbára ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n sì dá akọni kan sílẹ̀ nínú ìpolówó wọn ní ọdún 1999, Michael Power ni wọ́n sọ ọ́, Power sì ni agbára. Láìmọ̀, wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà, sítáòtù, padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn kan yóò takò èyí. Wọn yóò ní ohun tí iná jó ni ẹ̀mí sítáòtù. Pé ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò, tí ó sì fi kofí dípò rẹ̀, ń tan ènìyàn jẹ ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọkà dúdú ti Wheeler bá àwọn hóró yòókù wọ ìkòkò kan náà, ọkà ni wọ́n jọ jẹ́. Kofí jẹ́ àlejò. Ó sì ti lé ní igba ọdún tí ìtọ́wò dúdú náà ti wà lẹ́nu ayé, ohun tí ó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti di àṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò wọ̀nyí kò lè dúró ní àárín ọ̀nà. Bí fífi adùn mìíràn kún bíà pupa bá jẹ́ ẹ̀tàn, ẹ̀tàn ni èyí tí a ti ń fi ohun tí a sè ní Dublin ṣe pẹ̀lú. Bí a bá sì gbà pé sítáòtù ni èyí, a kò lè fi àwọ̀ lé èkejì jáde nílé.

Ìdí nìyí tí ọ̀ràn sítáòtù pupa fi kan Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí ó kọjá, ìpọntí kékeré ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ilé-ìpọntí Bature wà lára àwọn tí ń ṣe é, ó sì ń fi kofí sínú sítáòtù rẹ̀ kan. Kòkó ń so ní oko àwọn ará Ìjẹ̀bú. Ọkà bàbà ń ti òkè Ọya sọ̀kalẹ̀. Ní ti ìkorò tí àwọn òyìnbó ń fi òdòdó họ́ọ̀pù wá, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti ṣe ìwádìí lórí orógbó àti ewúro, wọ́n sì rí i pé a lè lò wọ́n dípò rẹ̀. Ohun tí a fi ń pọn sítáòtù pupa wà nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá pọn ọ́n ní ọjọ́ kan, tí ó sì fi orúkọ Yorùbá pè é, àwọn kan yóò wò ó, wọn yóò ní kì í ṣe sítáòtù, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti gbọ́ pé ògógóró kì í ṣe ọjà, tí wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọtí kì í ṣe ohun tí à ń mu ní àmupara, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá sì kà á léèwọ̀ ti ṣe ohun tí ó tọ́ bí ó bá pa òfin ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ ọtí, kí ó dá a bí onílé ti ń dá a níwájú àlejò: kí ó bu díẹ̀, kí ó tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà kí ó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo aláǹgbá ni ó da anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.